Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Kàfáyàt

Soldier Town, Banjul,
Ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 2015.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú wa nígbà Iléyá. Mo kí Màmá, mo kí Khàdíjàt àbúrò mi. Mo ti gúnlẹ̀. Bàálù gbé mi dé Dakar, mọ́tò gbé mi dé Barra, ọkọ̀ ojú omi tó sì gbé wa sọdá sí Banjul kún tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ẹnì kan fi dúró lé mi lẹ́sẹ̀ títí a fi dé èbúté. Ṣùgbọ́n mo dé láyọ̀.

Nígbà tí mo wà nílé, ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Àlejò wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sọnù. Níwọ̀n bí etí yín kò ti gba fóònù mọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹ lè máa kà á bó ṣe wù yín.

Ilé ìwòsàn Dókítà Tijan kò tóbi. Àwọn dókítà ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà, yàrá àyẹ̀wò sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo rẹ̀ ń gba inú kọ̀ǹpútà àgbà kan tí à ń pè ní sáfà, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Mo fi ògiri ààbò yí i ká, kí ẹni tí a kò mọ̀ má lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé tọ̀ ọ́. Dókítà Tijan ń gbé ní Kotu, ó sì fẹ́ máa wo èsì àyẹ̀wò láti ilé rẹ̀, nítorí náà mo la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan fún un. Kó tó gbà á wọlé, ó gbọ́dọ̀ tẹ páswọ́ọ̀dù, kó sì tún tẹ nọ́ńbà tí fóònù rẹ̀ bá fún un. Ó ní nọ́ńbà yẹn ń yọ òun lẹ́nu. Mo ní kó ní sùúrù.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, sáfà máa ń fi ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ohun tí à ń pè ní kíláòdù. Orúkọ lásán ni. Ilé ńlá kan tó kún fún kọ̀ǹpútà ni, ó wà nílùú òyìnbó, a sì háyà igun kan níbẹ̀. Mo tì í débi pé bí olè bá tilẹ̀ wọ sáfà wa, kò lè débẹ̀ lọ pa ẹ̀dà náà rẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i. Mo ti bẹ Dókítà pé kó fún mi lẹ́nì kan tí n óò kọ́, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Oumie tó ni ilé tí mò ń gbé ní kí n kí yín; Oumie ni orúkọ tiwọn gan-an, kì í ṣe ti ọmọ. Ọmọ Aku ni wọ́n, àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wá láti Freetown, Mùsùlùmí bíi tiwa sì ni wọ́n. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ wa mọ̀ láàárín tiwọn. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń pè ní kómójádè, sàráà òkú sì ni wọ́n ń pè ní àwùjọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé èdè bàbá mi nìyẹn, wọ́n ní, "Ó dáa nígbà náà, ọmọ ilé ni ọ́." Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí n dá oúnjẹ sè mọ́.

Ọmọ yín,
Kàfáyàt.


Ilé Adéjàre, Ìwó,
Ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2015.

Kàfáyàt Àníkẹ́, ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àlàáfíà ni a wà. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo ka ibi tí ọ̀rọ̀ kíláòdù wà fún un, ó ní ṣé ilé tí ẹ kò mọ onílé rẹ̀ lẹ ń kó ọ̀rọ̀ aláìsàn lọ fi pa mọ́ sí. Dá a lóhùn fúnra rẹ.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. O ní ìwọ nìkan lo mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Bí àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, èmi àti igbákejì mi la jọ máa ń ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìwé ìdánwò wà. Má jẹ́ kí dókítà yẹn sún un di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ, mo ti ṣèlérí pé n kò ní dá a sílẹ̀ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Nítorí náà, mo ti dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá onílé rẹ dùn mọ́ mi nínú. Bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ ìlú tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn kí wọ́n tó dé Freetown. Bá mi kí wọn dáadáa.

Alhaji Ràhmán, ọmọ àdúgbò wa tó ń ta aṣọ lọ́jà yín níbẹ̀, ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá. Fi ìwé rán an sí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wàsíù Adéjàre.


Ilé Adéjàre, Ìwó,
Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2015.

Kàfáyàt,

Alhaji Ràhmán ti dé. Kò mú ìwé kankan wá. Mo lọ kí i káàbọ̀, ilẹ̀ ló ń wò títí mo fi dìde. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn ń pa ẹnu mọ́ bí mo bá ti súnmọ́ wọn. Etí mi ò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ojú mi ríran. Mo bá mú bébà àti bírò fún Ràhmán níwájú mọ́ṣáláṣí, mo ní kó kọ ohun tó ń sọ kiri sílẹ̀ kí n rí i.

Ó kọ ọ́. Ó ní àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn yín, wọ́n ti gbogbo ìwé aláìsàn pa, wọ́n sì ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà ni pé ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn, pé àwọn ọlọ́pàá sì ti gba fóònù rẹ àti páṣípọ́ọ̀tù rẹ. Khàdíjàt ti ń pè ọ́ láti ìgbà náà, ìpè rẹ̀ kò wọlé.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé o mọ̀ nípa rẹ̀? Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìdáhùn sí mi. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí.

Wàsíù Adéjàre.


Soldier Town, Banjul,
Ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, ọdún 2016.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá.

Ìwé yín dé. Mo kà á tán, mo gbé e sílẹ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Òótọ́ ni Alhaji Ràhmán kọ pé olè wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lóṣù Kọkànlá, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ń fi ìkọ̀wé kan náà hàn wá, pé wọ́n ti ti ìwé wa pa, kí a sanwó. Àwọn aláìsàn ti jókòó, nọ́ọ̀sì ò sì mọ ẹni tó yẹ kó gba oògùn wo. Mo ní kí wọ́n yọ wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà kí ohun tí olè náà fi sínú wọn má bàa tàn sí i. Kebba, ọkùnrin tó máa ń bá Dókítà tún kọ̀ǹpútà ṣe, wò mí, ó wo Dókítà, ó ní, "Àwọn ará Nàìjíríà ló mọ irú iṣẹ́ yìí." Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo sọ fún Dókítà Tijan pé, "Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà ní kíláòdù. Ẹ dúró tì mí, kí n kó o padà."

Ó ní, "Bí mo bá jẹ́ kí o fọwọ́ kàn án, tí èyí tó kù náà bá tún lọ ńkọ́?"

"Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà fúnra yín."

"Ta ni yóò lò ó? Ta ló mọ̀ ọ́n lò?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Wọn ò fìyà jẹ mí. Wọ́n gba fóònù, kọ̀ǹpútà àti páṣípọ́ọ̀tù mi, wọ́n ní kí n má jáde nílùú, kí n má sì fẹsẹ̀ kan ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni ìwé aláìsàn ti wà ní kíláòdù ní pípé, láìsí ẹni tó lè kó o wálẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ nìyí. Wọ́n gé ẹran ara lára Ìyá Oumie lóṣù Kẹwàá nítorí kókó kan tó yọ lọ́mú wọn. Dókítà àlejò kan tó wá láti òkèèrè ló yẹ̀ ẹ́ wò. Inú sáfà nìkan ló kọ èsì rẹ̀ sí, ó sì ti padà sílùú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kà á fún wọn. Ilé ìwòsàn ní kí Ìyá jẹ́ kí àwọn gé òmíràn. Ìyá kọ̀, wọ́n ní, "Èyí tí ẹ gé lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá a jáde." Lójoojúmọ́ ni mò ń rí wọn nínú àgbàlá, tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, tí wọ́n ń yọ ọ́.

Ìbéèrè tí ẹ bi mí, n kò ní dáhùn. Ìyá Oumie tí kò bí mi kò bi mí. Bí ẹ bá nílò ìdáhùn, Alhaji Ràhmán wà lọ́dọ̀ yín.

Kàfáyàt.


Ilé Adéjàre, Ìwó,
Ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2016.

Kàfáyàt Àníkẹ́,

Ìwé rẹ dé, ó sì le. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

O rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì sọnù ní kíláàsì rẹ, tí mo jẹ́ ọ̀gá yín? Ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè jáde tí mo bi léèrè, níwájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ. O sunkún dé ilé. Ìyá rẹ bínú sí mi. Mo ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ láéláé pé mo rí ọmọ mi mo gbójú kúrò. Nígbà tí o ní o kò mú un, ọ̀rọ̀ parí fún gbogbo ilé ìwé nítorí pé wọ́n rí i pé mo bi ọ́.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí mo bá fura sí, n kò ní bi í. N óò kàn dákẹ́ ni, n óò máa wò ó. Ìdáhùn rẹ ni mo fẹ́ kà fún àwọn tó ń pa ẹnu mọ́ bí wọ́n bá rí mi. N kò tíì rí i gbà, ṣùgbọ́n sàfù iwájú ni mo ṣì ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí, n kò sì tíì sún sẹ́yìn.

Ìyá rẹ ti mọ̀ báyìí. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi nítorí pé mo fi pamọ́ fún un.

Jẹ́ kí a sọ èyí tó ṣeé ṣe. Dókítà kò fẹ́ kí o fọwọ́ kàn án, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣé kò sí ẹnì kan ní gbogbo ìlú náà tó mọ irú iṣẹ́ yìí, tí kò mọ̀ ọ́, tí kò sì ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ilé ìwòsàn náà? Sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n mú ẹni náà wá. Kí o ka kọ́kọ́rọ́ náà sí i létí, kí o sì jókòó jìnnà. Ṣe é kíákíá, nítorí ti ìyá yẹn. Ọ̀rọ̀ orúkọ tèmi àti tìrẹ lè dúró.

Bàbá rẹ,
Wàsíù Adéjàre.


Soldier Town, Banjul,
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 2016.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdúró. Ẹ bá mi bẹ Màmá.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Rohey, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ló bá mi lọ bá ọlọ́pàá, òun ló sì tẹnu mọ́ ọn títí wọ́n fi gbà. Wọ́n mú olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan wá tó ń jẹ́ Abdoulie. N kò rí i rí. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mo ka kọ́kọ́rọ́ náà sí i létí, ó ń tẹ̀ ẹ́. Dókítà Tijan, Kebba àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kó tó kó ohunkóhun padà, ó ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó ń wọ sáfà. Àwọn olè ti pa èyí tó wà nínú sáfà rẹ́, ṣùgbọ́n èmi ti ṣe é kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sí kíláòdù ní wákàtí wákàtí. Ó kà á jẹ́ẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ orúkọ yìí?"

Dókítà ní, "Èmi ni."

"Ọjọ́ Tobaski ni wọ́n fi orúkọ yín wọlé, tí wọ́n yọ nọ́ńbà fóònù kúrò. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn kan ti ṣí sílẹ̀ sí gbangba íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àjèjì ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù yín níbẹ̀ lójoojúmọ́, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n."

Tobaski ni wọ́n ń pe Iléyá níbí. Ọ̀gá ọlọ́pàá yíjú sí mi. "Níbo lo wà lọ́jọ́ Tobaski?"

"Ìwó, nílé bàbá mi."

Rohey ní, "Páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí i wò."

Wọ́n ṣí i. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Abdoulie dìde, ó tọ wáyà tó wà lẹ́yìn sáfà, ó sì rí ọ̀kan tó gba òkè àjà lọ, tí kò gba ibi ògiri ààbò mi rárá. Kebba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Dókítà ló ní kí n ṣe é. Wọ́n ní nọ́ńbà yẹn ń yọ àwọn lẹ́nu." Dókítà Tijan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Wọ́n dá ẹrù mi padà fún mi, mo sì jókòó sídìí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan náà ni ìwé aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé. Rohey ló ka èsì Ìyá Oumie. Ó pè mí, ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ọ̀dọ̀ mi. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà àlejò náà ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìtọ́jú wọn falẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún Ìyá lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Kàfáyàt, iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a sọ pé olè wọlé, kí ó mọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Àwọn tó ń pè mí lólè ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn á gbàgbé."

N kò mọ ohun tí n óò ṣe, Bàbá. N kò tíì sọ fún Ìyá Oumie pé èsì wọn wà ní kíláòdù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn tí ẹ béèrè nìyí, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. N kò mọ̀ nípa rẹ̀. N kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Kàfáyàt.


Ilé Adéjàre, Ìwó,
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 2016.

Kàfáyàt Àníkẹ́, ọmọ mi,

Mo ka ìdáhùn rẹ. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì tún kà á fúnra rẹ̀.

O béèrè ohun tí o máa ṣe. Má ṣe purọ́ fún ẹnikẹ́ni, má sì dúró ní ìta máa polongo. Ẹni tó bá bi ọ́, dá a lóhùn ní kíkún. Kí o sì sọ fún dókítà náà ní ojúkojú pé bí o ṣe máa ṣe nìyẹn, kó má bàa rò pé o dalẹ̀ òun. Ó lè lé ọ. Bó bá lé ọ, yàrá rẹ wà nílé.

Ìyá Oumie ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Má fi nǹkan kan sílẹ̀, má sì fi nǹkan kan kún un. Bí wọ́n bá bínú, jókòó tì wọ́n.

Má ṣe rò ó pé torí pé o wá bá wa ṣe Iléyá ló fi ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ní dandan kí o wá. Ẹni tó bá lè ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí o kò sí nílé, yóò dúró de ọjọ́ tí o kò ní sí nílé.

Ìyá rẹ ń bi mí lójoojúmọ́ pé ara ìyá náà ńkọ́. Kọ̀wé kíákíá.

Bàbá rẹ,
Wàsíù Adéjàre.


Soldier Town, Banjul,
Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016.

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ forí jì mí pé mo pẹ́. Ìyá Oumie ti kú. Oṣù Kẹrin ni wọ́n kú. N kò lè kọ ọ́ títí a fi ṣe ogójì ọjọ́ wọn tán.

Mo sọ fún wọn bí ẹ ti wí. Wọ́n jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, wọ́n ń fi ìka ọwọ́ ka tẹsùbáà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó wà níbì kan. Mo lọ bá Tijan fúnra mi, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ yìí ṣí i." N kò mọ̀ pé wọ́n lọ. Wọn ò sọ fún mi rí. Wọ́n ní kí n wá jẹun.

A gbé wọn lọ sí Dakar. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní àrùn náà ti tàn. Mo bi wọ́n pé bó bá jẹ́ pé a tètè dé ńkọ́, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó máà yí nǹkan kan padà, wọn ò lè búra. Èmi àti Rohey la wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ ikú wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣí fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Nígbà tí mo fi padà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n ti lọ.

Ousman, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ìlú Basse wá. Olùkọ́ ni níbẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà àwùjọ ogójì ọjọ́, ilé kún, wọ́n ti ka Kùránì tán, wọ́n ń pín oúnjẹ. Dókítà Tijan jókòó láàárín àwọn àgbà. Mo ti sọ fún un láti oṣù Kẹrin pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, n óò sọ. Ó kàn wò mí ni nígbà náà, kò lé mi.

Ousman gbé omi tọ̀ mí wá. Ó ní, "Àǹtí Kàfáyàt, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn. Ìgbà wo ni èsì ìyá mi jáde?"

Mo ní, "Oṣù Kẹwàá."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún ìyá mi?"

"Oṣù Kejì."

Ó dúró. Àwọn tó wà nítòsí dẹ́kun jíjẹun. Ó ní, "Níbo ló wà láàárín ìgbà náà?"

Mo fẹ́ dáhùn, Dókítà Tijan sì dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní, "Má bi í. Èmi ni kí o bi. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn tí olè gbà wọlé, nítorí pé n kò fẹ́ máa tẹ nọ́ńbà. Ọmọbìnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi kó ìwé náà padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é lólè, mo sì mọ̀ láti oṣù Kejì pé kì í ṣe òun. Ìyá rẹ wá bá mi, mo ní kó lọ máa dúró."

Ousman gbé ife omi náà sílẹ̀. Ó jáde sí àgbàlá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, Dókítà ṣì wà lórí ìdúró. Ousman ní, "Ẹ jókòó, Dókítà. Àdúrà la wá ṣe fún wọn lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí, a óò sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn." Àwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. N kò mọ ohun tí yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ousman kò dárí jì í níbẹ̀, kò sì lé e jáde.

Alhaji Ràhmán wà níjókòó. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń bọ̀ wálé nínú ààwẹ̀, òun ló sì ń mú ìwé yìí bọ̀.

Mo fa wáyà òkè àjà yẹn já fúnra mi. Rohey ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, òun nìkan ló kó ìwé aláìsàn wálẹ̀ láti kíláòdù gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, ó sì pé. Èmi àti òun la ní kọ́kọ́rọ́ náà báyìí. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí i níbí, bí ẹ bá gbà fún mi.

Ọmọ yín,
Kàfáyàt.


Ilé Adéjàre, Ìwó,
Ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Kàfáyàt Àníkẹ́, ọmọ mi,

A kú ààwẹ̀, a kú àṣẹ̀hìndè Ìyá Oumie. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Ìyá rẹ kò jẹ sàárì lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé. Ó ní kí n bi ọ́ pé ta ló ń sùn nílé ìyá náà báyìí, pé kò yẹ kí ilé wọn ṣófo. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló kù níbẹ̀, ó ní kí o máa tan iná síwájú ilé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Dúró síbẹ̀. Mo gbà fún ọ.

Ràhmán wá sílé wa. Ó mú bébà jáde lápò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síwájú mi pé òun fẹ́ kí n tẹ̀lé òun lọ sí mọ́ṣáláṣí kí òun lè tún ọ̀rọ̀ òun sọ létí gbogbo ènìyàn. Mo ní kó lọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n pé nǹkan mìíràn ni èmi fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n tó túká, mo dìde ní sàfù iwájú, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe àdúrà fún òkú kan. Mo dárúkọ rẹ̀. Mo rí i pé Lèmọ́mù ń mi ẹnu, n kò gbọ́ ohun tó ń wí, títí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Oumie nílùú yìí, ta ni wọ́n jẹ́ sí wa?

Mo ní ìyá tí ọmọ mi ní ní Banjul ni.

Bàbá rẹ,
Wàsíù Adéjàre.